Mo Mú Ìyàwó Mi Tó Ti Kú Lọ sí Ọ́fíìsì Owó-Orí

Ẹ má tíì ṣàánú mi. Àwọn ará àdúgbò ti ṣe é tó. Bí mo bá jáde láàárọ̀, wọn á dẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ tuntun sọ̀rọ̀: "Ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run á tù yín nínú." Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí mo ṣe ná. Bí àánú bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹni tó tọ́ sí.

Kọ́tìnì ni èmi àti ìyàwó mi ń ṣe jẹun. Èmi á lọ wọn fèrèsé, màá kan irin mọ́ ògiri. Òun á gé aṣọ, á rán an. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yá, Abẹ́rẹ́ ni mo sì ń pè é. Bí mo bá mú un bínú, á ní: "Ẹ rọra o. Abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń jókòó lé."

Òun ló ní ká di kọ́ńpìnnì. Ọsibítù ńlá kan fẹ́ pààrọ̀ gbogbo kọ́tìnì àti aṣọ ibùsùn wọn, kọ́ńpìnnì tí obìnrin jẹ́ olórí rẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún. Abẹ́rẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ sí ipò olùdarí, ó fi tèmi sí ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá yín ni mí báyìí. Tí ẹ bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, màá gé owó yín."

Kò rí ẹnikẹ́ni gé lówó. Àìsàn tó mú un kò jẹ́ ká rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí ìwé kọ́ńpìnnì máa fi jáde, a ti sin ín.

Ohun kan ló kù: kí kọ́ńpìnnì náà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn elówó-orí ìjọba, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀. Láìsí nọ́ńbà yẹn, ọsibítù ò ní gbé iṣẹ́ fún wa. Mo kó ìwé sínú àpò, mo lọ.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì náà wà. Bẹ́ǹṣì onírin ni wọ́n tò síbẹ̀, fáànù kan sì ń yí lókè bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó oṣù. Obìnrin kan jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ọmọdébìnrin ni lójú tèmi, kò lè ju àkọ́bí mi lọ púpọ̀. Ó yẹ ìwé mi wò láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ìwé yín pé, bàbá. Àmọ́ olùdarí fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ wá. Ibí la ti máa ya fọ́tò wọn, ojú wa náà ni wọ́n sì ti máa buwọ́ lùwé. Ṣé ìyàwó yín ni?"

"Ìyàwó mi ni."

"Wọ́n dà?"

Mo la ẹnu láti sọ pé ó ti kú. Ọlọ́run gbọ́, ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Ohun tó jáde ni: "Ara rẹ̀ ni kò yá díẹ̀."

"Yéè! Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi kí wọn dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n sinmi. Tí ara bá ti mókun, kí wọ́n máa bọ̀, mo wà níbí."

"Màá kí i," ni mo wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀rín ni mo rín sọ̀ kalẹ̀ nínú àtẹ̀gùn yẹn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rán mi ní ìkíni sí ìyàwó mi. Ẹnì kan wà láyé yìí, lẹ́yìn gíláàsì kan, tó gbà pé Abẹ́rẹ́ wà nílé, tó fẹ̀yìn lélẹ̀, tó ń sinmi. Ó dùn mọ́ mi. Ibẹ̀ ni ọwọ́ èṣù ti bà mí.

Ní ẹnu géètì, ọkùnrin kan wà lábẹ́ agboòrùn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tó tún ń bá àwọn èèyàn kọ fọ́ọ̀mù. Má-dàámú ni wọ́n ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

"Má dàámú, ọ̀gá mi. Kí ni wọ́n wí lókè?"

Mo sọ fún un. Ó ya èmi gan-an lẹ́nu pé òun ni mo rí sọ òótọ́ fún.

Ó ṣí fìlà. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ gbọ́, ọ̀nà tó tọ́ wà. Ẹ padà síbi tí ẹ ti gba ìwé kọ́ńpìnnì, kí wọ́n yọ olóògbé, kí wọ́n fi alààyè sí i. Àmọ́ wọ́n máa ní kí ẹ lọ, kí ẹ bọ̀. Irùngbọ̀n tí ẹ gbé lọ síbẹ̀ ní dúdú, funfun lẹ máa gbé e bọ̀."

"Ọsibítù ò ní dúró dè mí."

"Ta ní kí wọ́n dúró?" Ó wo ẹ̀yìn, ó sún mọ́ mi. "Ìyàwó yín ò ní àbúrò obìnrin ni?"

"Ó ní."

"Ṣé wọ́n jọra?"

Mo ń to ìwé mi padà sínú àpò.

"Ọ̀gá mi, ta ló ń jọ fọ́tò inú káàdì ìdánimọ̀? Tí ẹ bá rí tèmi, ẹ máa rò pé ibi tí mo ti ń jalè ni wọ́n ti yà mí. Owó-orí ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ń wá. Wọn ò wá ìyàwó yín."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rín ẹ̀rín sí ọ̀rọ̀ burúkú ti gba ìdajì rẹ̀.

Ìyàwó mi ní àbúrò kan ṣoṣo. Àbíkẹ́yìn ìyá wọn ni. Mọ́mì Kékeré ni àwọn ọmọ mi ń pè é. Ọ̀dọ̀ ìyá wọn ló ń gbé ní àdúgbò kejì, ṣùgbọ́n láti ìgbà ìsìnkú ló ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, tó ń jókòó nídìí maṣíìnì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí iṣẹ́ má baà dúró. Bí mo bá ti ẹ̀yìn wọlé, àyà mi á já. Èjìká kan náà ni. Òun ni mo gbé ọ̀rọ̀ Má-dàámú lọ bá.

"Bùọ̀dá, ẹ ní kí n ṣe kí ni?"

"Kí o kàn jókòó, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ, kí o buwọ́ lùwé. Bó o ṣe wọlé náà lo máa jáde."

"Ní orúkọ ta ni?"

Mo mú téèpù, mo ń ká a.

"Bùọ̀dá, mò ń bi yín. Ní orúkọ ta ni?"

"Òun ló fẹ́ kí kọ́ńpìnnì yìí dìde. Ṣé o fẹ́ kí làálàá rẹ̀ já sí asán ni? Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Kí ni kí n fi tọ́ wọn?"

Mo mọ ibi tó ń dùn ún. Ibẹ̀ gan-an ni mo tẹ̀.

Ó fi kọ́tìnì tó ń rán nu ojú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màmá ò gbọ́dọ̀ gbọ́ o."

"Ta ló máa sọ fún wọn?"

"Aṣọ wo ni kí n wọ̀?"

Ó yẹ kí ìbéèrè yẹn dá mi dúró. Mo lọ sílé, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí mi ò tíì lè ṣí láti ọjọ́ tó ti lọ. Òórùn rẹ̀ jáde sí mi. Mo mú bùláòsì aláwọ̀ ewé kan, èyí tó ní bọ́tìnnì funfun, torí òun ló wọ̀ nínú fọ́tò káàdì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló rà á fún un. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì mú un.

Ní ọ́fíìsì, obìnrin ẹ̀yìn gíláàsì dìde fún wa.

"Ẹ káàbọ̀, mà! Ara ti le?"

Mọ́mì Kékeré ń wo ilẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé á tú wa fó, ni mo bá pe orúkọ ìyàwó mi. Orúkọ rẹ̀ gan-an, èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Mo ní, "Wọ́n ń kí ọ."

Àbúrò rẹ̀ gbé orí sókè. "Hẹ̀n?"

Bí Abẹ́rẹ́ ṣe máa ń jẹ́ ẹ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo di bẹ́ǹṣì mú.

"Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, mà, fọ́tò la fẹ́ yà. Àbí ọkọ yín ń dà yín láàmú nílé ni?"

"Wọ́n ń gbìyànjú," ni Mọ́mì Kékeré fèsì. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Iná kámẹ́rà bù yẹ̀rì.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ló ti yíjú sí mi. "Nígbà tí ẹ pe orúkọ yẹn tí mo jẹ́ ẹ, ó ṣe mí bíi pé mo jókòó sórí ìjókòó tí wọn ò fi lọ̀ mí. Bùọ̀dá, ẹ má dán irú ẹ̀ wò mọ́ láé."

Mo ní, "Ó ti tán."

Kò tán. Nígbà tí Má-dàámú ń bá mi kọ fọ́ọ̀mù, ó ní nọ́ńbà fóònù tó wà nínú ìwé kọ́ńpìnnì ni ká kọ, kí gbogbo rẹ̀ lè bára mu. Nọ́ńbà Abẹ́rẹ́ ni. Mo ní kó kọ ọ́. Mi ò rò ó wò rárá pé fóònù náà kò kú pẹ̀lú ẹni tó ni ín. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló wà. Lọ́jọ́ ìsìnkú ni Màmá ti mú un lórí tábìlì, tí wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́dọ̀ mi." Wọn ò mọ̀ ọ́n lò ju kí wọ́n gbé e bó bá dún, kí wọ́n sì pe àwa ará ilé lọ. Síbẹ̀ wọ́n ń fi sí iná, wọ́n sì ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.

Nọ́ńbà owó-orí jáde. Ọsibítù gbé iṣẹ́ fún wa. Aṣọ kún ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà, a gba àwọn aránṣọ méjì kún ara wa. Nígbà mìíràn, bí maṣíìnì bá ń dún lápapọ̀, màá sọ nínú ọkàn mi pé, "Abẹ́rẹ́, o ti jẹ ọ̀gá." Mo sọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ṣe ohun rere.

Ìgbà náà ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí yí padà.

Wọ́n bọ́ aṣọ dúdú. Mo bá wọn nílé lọ́jọ́ kan, wọ́n ró ìró pupa, wọ́n sì lé tìróò. Mo ní, "Màmá, ẹ kú ẹwà o." Wọ́n ní, "Ọ̀fọ̀ ti tó. Ojú ló ń dunni, ọkàn mọ ohun tó mọ̀." Wọ́n wo ojú mi, wọ́n rẹ́rìn-ín bí ẹni tí a jọ mọ nǹkan.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n gbé abọ́ oúnjẹ ńlá kan fún mi, wọ́n fi aṣọ dì í.

"Èyí ti pọ̀ jù fún èmi nìkan, Màmá. Àwọn ọmọ ti jẹun níbí."

"Ta ló ní ìwọ nìkan? Kí ẹ jọ jẹ ẹ́."

"Èmi àti ta ni?"

"Ọkọ mi, èmi ò bi ọ́ ní nǹkankan. Kí ẹ ṣáà jọ jẹ ẹ́." Wọ́n tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo fi ata sí i bó ṣe yẹ kó rí."

Mo rò pé ọpọlọ àgbà ló ń rẹ̀. Mo tún rò pé bóyá ìtùnú ti dé. Èyí tó wù mí nínú méjèèjì ni mo gbà.

Mọ́mì Kékeré náà sọ tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. "Bùọ̀dá, Màmá ń kọrin ní balùwẹ̀ o. Láàárọ̀ wọ́n á wẹ̀, wọ́n á fi lọ́fínńdà, wọ́n á jáde. Tí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní ọ̀rẹ́ àwọn kan làwọn ń lọ kí."

"Ọ̀rẹ́ tó ń gba lọ́fínńdà láàárọ̀ kùtù? Ọkọ ni wọ́n rí yẹn. Lọ múra ìgbéyàwó sílẹ̀."

Ó fi téèpù nà mí léjìká. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Mo ti wá mọ ibi tí Màmá wà nígbà tí à ń rín in: wọ́n wà lórí bẹ́ǹṣì onírin yẹn.

Má-dàámú ló pè mí. "Ọ̀gá mi, má dàámú o. Àmọ́..."

Bí Má-dàámú bá fi "àmọ́" sí i, kéèyàn dàámú.

"Màmá kan wà lókè. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń wá. Á jókòó láàárọ̀, ìgbà tí wọ́n bá ń ti ilẹ̀kùn ló ń lọ. Mo bi í lónìí pé ta ló ń dúró dè. Orúkọ ìyàwó yín ló dá."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ọ̀hún. Mo sáré gun àtẹ̀gùn. Màmá wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú nínú aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sílé ìjọsìn. Wọ́n gbé báàgì lé orúnkún, ọ̀rá kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n rí mi. Kò yà wọ́n lẹ́nu rárá. Wọ́n fi ìka sí ètè.

"Jókòó. Má pariwo. Ṣé ó ń bọ̀ lẹ́yìn?"

"Ta ni, Màmá?"

"O ṣì ń bò ó." Wọ́n fọwọ́ gbá mi lórúnkún jẹ́jẹ́. "Bò ó. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n mọ̀."

Wọ́n wá ń sọ ọ́ sí mi létí, ọ̀rọ̀ ń sáré jáde bí omi ẹ̀rọ tí a ṣí sílẹ̀.

"Fóònù rẹ̀ ló dún. Obìnrin kan ló pè, láti ibí. Ó ní ọmọ mi wá sí ọ́fíìsì, ó ní nọ́ńbà ti jáde, àmọ́ ó ku ibì kan tí kò buwọ́ lù, kó padà wá. Mo ní, ta lo rí? Ó ní òun àti ọkọ rẹ̀ ni. Mo ní, aṣọ wo ló wọ̀? Ó ní òun ń wo fọ́tò rẹ̀ báyìí. Ó ní bùláòsì ewé, bọ́tìnnì funfun." Màmá di ọwọ́ mi mú. "Èmi ni mo ra bùláòsì yẹn. Mo ní, ọjọ́ wo ló máa padà wá? Ó ní ọjọ́ tó bá wù ú. Ni mo bá wá dúró."

Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn akúdàáyà láti kékeré, ẹni tó kú níhìn-ín tó lọ ń gbé lọ́hùn-ún, láàárín àwọn tí kò mọ̀ pé ó kú. Wọ́n ní bí ará ilé rẹ̀ bá rí i, tó pe orúkọ rẹ̀, á pòórá. Ìtàn tí a fi ń dẹ́rù ba ọmọdé ni. Màmá pàápàá kì í gbà á gbọ́, títí ìjọba fi pè wọ́n lórí fóònù.

"Mi ò ní pe orúkọ rẹ̀," ni wọ́n ń wí. "Mi ò ní jẹ́ kó rí ojú mi. Bó bá wọlé, tó kọjá síbi gíláàsì yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni màá wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan. Màá sì máa lọ sílé." Wọ́n gbé ọ̀rá kékeré náà fún mi. Sálúbàtà Abẹ́rẹ́ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. "Ìwọ bá mi fún un. A ò fi nǹkankan sí i lẹ́sẹ̀ ká tó tẹ́ ẹ. Ó ti ń dùn mí. Ọ̀nà tó rìn ti jìn jù fún ẹsẹ̀ lásán."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, torí òun ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Irọ́ kan wà lẹ́nu mi tó rọrùn ju omi mímu lọ. Kí n ní, "Màmá, ó ti ṣí lọ sí ìlú míì, ó ní kí n kí yín." Màmá á lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Wọn ò ní wá síbí mọ́. Kọ́ńpìnnì á dúró, àwọn ọmọ á jẹun, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀.

Mo gba ọ̀rá náà.

Mo ní, "Màá fún un."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí. Ẹnu tí mo fi fẹ́ ọmọ wọn ni mo fi wí i.

Ibẹ̀ la wà tí obìnrin ẹ̀yìn gíláàsì fi jáde sí wa. "Áà, ẹ̀yin lọkọ! Bàbá, ẹ ò ṣe mú ìyàwó yín wá? Ẹ wo bí Màmá ṣe ń dúró." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí Màmá, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má ṣèyọnu mọ́, mà. Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí ọmọ yín. Ara wọn le dáadáa. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín."

Màmá dìde lórí bẹ́ǹṣì. Mo rò pé wọ́n fẹ́ dì mọ́ ọn ni. Wọ́n kúnlẹ̀. Àgbà tó bí ọmọ tó ti bímọ, wọ́n fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ fún ọmọdébìnrin tí wọ́n lè bí bí ọmọ-ọmọ, níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n sì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun tí ẹ rí i. Ẹ ṣeun tí ẹ bá a sọ̀rọ̀ dáadáa."

"Yéè! Màmá, ẹ dìde! Ẹ ò lè kúnlẹ̀ fún mi! Bàbá, ẹ bá mi gbé wọn! Kí ló dé?"

Mi ò lè fara dà á mọ́.

"Ìyàwó mi ti kú," ni mo wí.

Ohùn mi ti ròkè ju bí mo ṣe rò lọ.

"Ó ti kú kí n tó wá síbí rárá. Kì í ṣe òun lẹ rí. Mo purọ́ fún yín. Mo purọ́ fún Màmá. Mo tún ṣẹ̀ṣẹ̀ purọ́ báyìí."

Màmá kò yíjú sí mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ṣì wà. Wọ́n ń wo ọwọ́ ọmọdébìnrin náà tó wà nínú tiwọn.

"Ta ló wá wọ aṣọ ọmọ mi?"

Mo wo ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ mi.

"Mo ní ta ni?"

"Èmi ni mo ní kó wọ̀ ọ́, Màmá. Ẹ̀bi mi ni. Ó kọ̀, èmi ni mo fipá mú un."

Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò dí wọn lọ́wọ́. Mo rí i bí ó ṣe wọ inú wọn, bí omi ṣe ń wọ inú ilẹ̀. "Àbíkẹ́yìn mi," ni wọ́n wí, jẹ́jẹ́. "Ẹ fi àbíkẹ́yìn mi ṣe òkú."

Obìnrin ọ́fíìsì gbé wọn dìde. Màmá gbọn eruku orúnkún wọn. Wọ́n na ọwọ́ sí mi láìwo ojú mi.

"Mú ọ̀rá yẹn wá. O ò rẹ́ni tó o máa fún."

Wọ́n gba sálúbàtà náà, wọ́n fi há abíyá, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú àtẹ̀gùn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ tẹ̀lé wọn. Obìnrin náà dá mi dúró.

"Ẹ jókòó síbẹ̀, bàbá. Mo ní láti pe ọ̀gá mi." Kò sí àánú kankan lójú rẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ lọ, ó tún yí padà. "Mo ní kí ẹ bá mi kí wọn. Mo délé, mo gbàdúrà fún wọn. Ẹ sì ní ẹ máa kí wọn."

Ohun tó tẹ̀lé e, ẹ lè fọkàn yàwòrán rẹ̀. Wọ́n fagi lé ìforúkọsílẹ̀ náà. Ọsibítù kó iṣẹ́ wọn fún ẹlòmíràn, àwọn aránṣọ méjèèjì sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n pe èmi àti Mọ́mì Kékeré síwájú ìgbìmọ̀ àwọn elówó-orí. Mo ru gbogbo ẹrù náà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀. Èmi ń san ìtanràn. Ní ti Má-dàámú, kí àwọn èèyàn tó sọ̀ kalẹ̀ wá bi í léèrè, òun àti agboòrùn rẹ̀ ti di àwátì.

Màmá ti padà sínú aṣọ dúdú. Wọn ò bú mi. Ó wù mí kí wọ́n bú mi. Bí mo bá lọ síbẹ̀, àwọn ọmọ ni wọ́n ń rán sí mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú wọn ni mo jókòó sí: "Ẹ sọ fún bàbá yín pé oúnjẹ wà." Wọn ò lé Mọ́mì Kékeré kúrò nílé. Àmọ́ ó sọ fún mi pé ìyá òun kì í wo òun lójú mọ́. Bí òun bá yí ẹ̀yìn padà láti jáde ni òun máa ń mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.

Kò wá ránṣọ mọ́. Mi ò bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọ̀fọ̀, ẹ sunkún yín. Ẹ má buwọ́ lu ohunkóhun. Ọ̀nà tó tọ́ wà, ó gùn ni. Èmi rò pé ìyàwó mi ni, pé òkú mi ni, pé bó bá wù mí mo lè yá a lò fún wákàtí kan, kí n sì dá a padà. Òkú ẹni kì í ṣe tẹni nìkan. Ẹni tó bí i wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù.

Lẹ́yìn tí àwọn elówó-orí parí ọ̀rọ̀ wa, fóònù mi dún. Orúkọ Abẹ́rẹ́ ló jáde lójú rẹ̀. Mo mọ ẹni tó ń pè. Mo gbé e.

"Màmá, ẹ kú ilé, mà."

Wọn ò dáhùn ìkíni. "Ṣé wọ́n ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ níbẹ̀?"

"Wọ́n ti pa á rẹ́, Màmá."

"Fọ́tò yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n ti yọ ọ́."

"Kò sí níbẹ̀ mọ́ rárá?"

"Kò sí mọ́, mà."

Mò ń gbọ́ èémí wọn.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ó ti wá kú tán nìyẹn."

Wọ́n pa fóònù náà.